Ohùn Tó Ní Kí N Má Jẹun

Ọdún tí mo kọ́kọ́ gba ààwẹ̀ Ràmàdáánì pé bí àgbà ni ohùn náà wá bá mi. Ọmú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ láyà mi nígbà náà. Àwọn òyìnbó ló ṣì ń ṣe ìjọba, bàbá mi sì ń rán aṣọ kakí fún àwọn akọ̀wé àti àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ní Ọ̀tà. Iwájú ilé wa ló gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí. Ìró rẹ̀ ló ń jí wa láràárọ̀.

Gbogbo ilé ló yìn mí nínú ààwẹ̀ yẹn. "Ọmọ yìí mà le o! Kò tilẹ̀ béèrè omi." Ara mi fúyẹ́, orí mi mọ́ kedere. Lọ́jọ́ ìtúnu, wọ́n gbé ìrẹsì àti ẹran síwájú mi. Mo na ọwọ́. Ẹnì kan sọ̀rọ̀ sí mi létí, jẹ́jẹ́, bí ìyá tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún: "Má jẹ ẹ́. O ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀." Mo bojú wẹ̀yìn. Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn mi àfi ògiri.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àwọn obìnrin kan wá láti Ìjòkó, wọ́n ń wá ìyàwó fún ọmọ wọn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo gbé omi fún wọn. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn wò mí látòkè délẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ó ti ń bàlágà," ó sọ fún ìyá mi. "Bó bá tún sanra díẹ̀ sí i, ó tó gbé níyàwó nìyẹn."

Ìyá mi ń dá a lóhùn, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ohun tó sọ, nítorí ohùn jẹ́jẹ́ yẹn ti sọ̀rọ̀ bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀: "Bí o bá kéré, wọn ò ní rí ọ."

Kì í ṣe pé mo kórìíra oúnjẹ. Èmi ni mò ń dáná fún gbogbo ilé, n ó sì jókòó, n ó máa wo ẹnu wọn bí wọ́n ti ń jẹ ẹ́. Mo mọ ìró jíjẹ olúkúlùkù wọn. N ó fi díẹ̀ kan ètè nínú tèmi, n ó sì fi etí aṣọ mi bo ìyókù lọ sẹ́yìnkùlé. Ewúrẹ́ aládùúgbò wa sanra lórí oúnjẹ mi. Ó ń tẹ̀lé mi káàkiri, ó ń wo ọwọ́ mi.

Òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í mú mi lọ́sàn-án gangan, nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀. Nǹkan oṣù mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ dáwọ́ dúró. Irun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ hù sí mi lápá àti lẹ́yìn, bíi ti ọmọ tuntun. Lọ́jọ́ kan mo lọ pọnmi. Mo bẹ̀rẹ̀ wo inú kànga, mo rí obìnrin arúgbó kan tó ń wò mí láti inú omi. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wọlé, ojú rẹ̀ tóbi. Mo kúnlẹ̀, mo kí i. Ìgbà tí kò dáhùn ni mo tó mọ̀ pé èmi ni.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ rí ara mi, ó kígbe. Bàbá mi bá mú mi lọ sọ́dọ̀ ààfáà. Ààfáà ní àlùjànnú ló rí mi nídìí kànga tó sì nífẹ̀ẹ́ mi. Ó kọ ẹsẹ̀ Kùránì sórí wàláà, ó fi omi fọ̀ ọ́ sínú igbá, ó ní kí n mu ún. Mo gbé e sẹ́nu. Ohùn náà ní, "Ṣé ó dá ọ lójú pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀?" Bí ààfáà ti yíjú, mo tu ú sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, àgbẹ̀ tó jẹ́ ọmọ onílé ní Ọ̀tà, kò gba ọ̀rọ̀ àlùjànnú. Ó ní àwọn ẹgbẹ́ mi lọ́run ló ń fún mi lóúnjẹ. "Ẹni tó ti yó lójú àlá, kí ló fẹ́ fi oúnjẹ ayé ṣe?" Wọ́n fi ìrèké, ẹ̀pà àti ẹ̀kuru bẹ ẹgbẹ́. Ọkùnrin tó ń fúnni lóògùn nílé ìwòsàn ìjọba sì ní aràn ni. Ó fún mi ní oògùn kíkorò, mo mu ún, aràn kankan kò jáde. Gbogbo wọn ló fẹ́ràn mi. Àárín ara wọn ni wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ mi, bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ̀rọ̀ lórí àpò tí a ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó bi mí pé, "Kí lò ń gbọ́?"

Nígbà tí n kò lè dìde mọ́ láìdi ògiri mú, ìyá ìyá mi, tó ń hun ẹní ní Adó-Odò, wá mú mi lọ. Nínú ọkọ̀ akẹ́rù, ó gbé mi sórí itan bí ọmọ ọwọ́. Ó ní obìnrin kan wà ládùúgbò òun, nínú ìjọ àdúrà, tó máa ń gbàdúrà fún aláìsàn. Wọ́n ní ọjọ́ ti pẹ́ tí obìnrin náà ti ń fi omi àti ìwọ̀nba ọsàn gbé ayé. Wọ́n ní Ẹ̀mí ló ń bọ́ ọ. Àwọn ìyá ń gbé ọmọ wọn wá kí ó lè fọwọ́ kàn wọ́n.

Ọ̀sán ni a wọlé tọ̀ ọ́. Yàrá náà mọ́, ó tutù, kò ní òórùn kankan. Aṣọ funfun bò ó débi tí ó fi dà bí ẹni pé aṣọ náà nìkan ló jókòó. Ó mú apá mi, ó fi ìka pa irun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó hù sápá náà sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ó ní kí gbogbo ènìyàn jáde, títí kan ìyá mi àgbà.

"Ìwọ náà ń gbọ́ ọ?"

"Kí ni, ìyá?"

"Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́."

N kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ó ní o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá."

Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Irun kan náà ló wà lára egungun yẹn. "Mi ò jù ọ́ lọ nígbà tó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi. Ó tún sọ ọ́ láàárọ̀ yìí. Kò sí ibì kankan níbẹ̀, ọmọ mi. Mo ti wá a."

"Kí ló dé tí ẹ ò jẹun, ìyá?"

Ó wo ẹnu ọ̀nà. "Bí mo bá jẹun, ta ni n óò jẹ́ lójú àwọn tó wà níta yẹn? Àìsàn ni wọ́n ń pè é nílé yín; níbí, iṣẹ́ Ẹ̀mí ni. Orí bá ọ ṣe é."

Ó mú ẹ̀kọ kan nínú ohun tí àwọn ènìyàn gbé wá fún ìjọ, ó tú ewé rẹ̀. "Jẹ ẹ́ níbí, kí n máa wò ọ́."

Ohùn náà pariwo. Kò pariwo rí. Mo di etí mi.

"Mo gbọ́ ọ," obìnrin náà wí. "Jẹ́ kó máa pariwo. Èmi náà wà níbí."

Mo bu ẹ̀kọ náà, mo gbé e mì pẹ̀lú omijé. Nígbà tí mo gbójú sókè, ẹnu rẹ̀ ń jẹ bí tèmi ti ń jẹ, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Lọ́sọ̀ọ̀sán ni mo ń lọ jẹun níwájú rẹ̀. Kì í fọwọ́ kan oúnjẹ náà. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ó kú. Ìjọ wọ aṣọ funfun, wọ́n kọrin pé áńgẹ́lì ló wá mú un. Ìyá mi àgbà dúró lẹ́yìn gbogbo wọn. "Ebi ló pa á," ó sọ ọ́ lábẹ́ èémí, ó sì bú sẹ́kún.

Ìyá mi àgbà gba ipò rẹ̀. Ó ń jókòó tì mí títí n ó fi jẹun tán, ó ń hun ẹní rẹ̀. Nígbà tí mo padà sí Ọ̀tà, ó ti kọ́ ìyá mi bí yóò ṣe máa ṣe é. Ohùn náà kò lọ, ó kàn rẹlẹ̀ ni. Àwọn ará Ìjòkó ti fẹ́ ẹlòmíràn.

Lọ́jọ́ kan àbúrò bàbá mi obìnrin wá kí wa. Ó bá mi nídìí oúnjẹ, inú rẹ̀ dùn, ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ wò ó bó ṣe sanra! Ó mà ti sanra o!"

Ọwọ́ mi dúró lójú ọ̀nà ẹnu. Ìyá mi, tí kì í gbó àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ lẹ́nu, dìde. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún sọ bẹ́ẹ̀ nínú ilé yìí mọ́."

"Kí ni mo sọ tó burú?"

"Kò burú. Ẹ ṣáà má sọ ọ́."

Àbúrò bàbá mi bínú jáde. Bàbá mi dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró, ó wo ìyá mi. Ìyá mi padà wá jókòó tì mí. Kò dìde títí mo fi gbé òkèlè náà mì.