Rauf Onílẹ̀kùn

Bí ẹ bá dé Itele, tí ẹ béèrè ilé Rauf Adérógbà, ẹni tí ẹ bi lè má mọ̀ ọ́n. Ẹ bi wọ́n ní ilé Rauf Onílẹ̀kùn. Kíá ni wọn yóò mú yín débẹ̀.

Wẹ́dà ni. Ó jó irin fún iléeṣẹ́ kan ní Sango títí ojú rẹ̀ fi ń ṣomi, kó tó kúrò níbẹ̀ lọ dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀. Páákó àti sìmẹ́ńtì ni èmi ń tà ní Joju. Ọ̀dọ̀ mi ló ti ń ra sìmẹ́ńtì, ibẹ̀ la ti di ọ̀rẹ́. Kì í mu sìgá, kì í kó obìnrin jọ, aṣọ tó dára lọ́rùn rẹ̀ kò ju ti ọjọ́ Jímọ̀ lọ. Ilẹ̀kùn àtijọ́ nìkan ló ń jẹ ẹ́ run: ilẹ̀kùn ìrókò tí àwọn baba wa fi sí ilé alámọ̀, èyí tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí lára. Ó ń wá wọn kiri láti inú Ọ̀tà dé Àtàn, bí ẹlòmíì ṣe ń wá ìyàwó. Àwọn aládùúgbò máa ń bi í bóyá òyìnbó ló ń kó o fún. Òyìnbó kankan kò wá rí. Ara rẹ̀ ló ń kó o fún.

Kì í sanwó. Pààrọ̀ ló ń ṣe. Yóò gbé ilẹ̀kùn irin tuntun wá, èyí tí òun fúnra rẹ̀ jó, tó kùn, tó fi kọ́kọ́rọ́ sí, yóò sì gbé ti igi lọ. Inú onílé á dùn. Nínú igi àti irin, èwo ni olè ń bẹ̀rù? Èmi máa ń ṣírò rẹ̀ fún un: páìpù, páànù, elékíródù, ọ̀dà, owó mọ́tò, odidi ọjọ́ iṣẹ́ tó lọ sí i. Mo ní, "Rauf, gbogbo wàhálà yìí, nítorí igi tí ikán kò rí jẹ?"

Yóò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, igi tí ikán kò rí jẹ gan-an ni mò ń wá."

Ohun kan wà tí kì í gbà. Kì í gba ilẹ̀kùn láìgba férémù àti àtẹ́rígbà rẹ̀. Ó ní ilẹ̀kùn tí kò ní àtẹ́rígbà dà bí fìlà tí kò rí orí dé. Bẹ́ẹ̀, àtẹ́rígbà ilé alámọ̀ kì í ṣe ohun kékeré. Igi gbọọrọ ni, tó wọ inú ògiri lọ lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Àwọn tó kọ́lé á kọ́kọ́ gbé e lélẹ̀, wọn á wá máa mọ ògiri lọ sókè lórí rẹ̀. Ilé búlọ́ọ̀kù ni a ti ń ki férémù bọ ihò lẹ́yìn tí ògiri bá ti gan, ilé búlọ́ọ̀kù sì ni Rauf ti ń kan ilẹ̀kùn mọ́ láti kékeré. Yóò fi díígà gbẹ́ amọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, yóò yọ ìrókò, yóò fi sìmẹ́ńtì dí ihò. Páìpù tínrín yóò wá dúró níbi tí igi ńlá ti ń rẹrù.

Ilẹ̀kùn tó dùn mọ́ ọn jù lọ ni ti ilé Àlàájì Akínwándé, inú Ọ̀tà. Pẹ́tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ ni ilé náà. Wọ́n gbẹ́ òṣùpá àti ìràwọ̀ sókè ilẹ̀kùn ọ̀hún, wọ́n gbẹ́ búútà àlùwàlá sí ìsàlẹ̀ wọn. Ibì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ búútà yẹn tó dán bí eyín, níbi tí baálé ń fi ọwọ́ tì nígbà tó bá ń ti àsùbáà bọ̀. Rauf bẹ baba náà títí, baba ní òun kò ṣe. Ó wá kú. Ilẹ̀ ibojì rẹ̀ kò tíì gbẹ tí Tahir, àkọ́bí rẹ̀, fi ránṣẹ́ sí Rauf pé kó wá ṣe pààrọ̀ yẹn.

Wọn kò bi Àlàájà Hajarat, ìyá Tahir. Òkè ló wà, ó ń ṣe opó. Obìnrin tó ń ṣe opó kì í kúrò nílé ọkọ rẹ̀ títí ọjọ́ rẹ̀ yóò fi pé, kì í sì í jáde sí ọkùnrin àjèjì. Ó jókòó sí yàrá, ó ń gbọ́ díígà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Rauf gbé ilẹ̀kùn náà sí pálọ̀, ní iwájú àga tó máa ń jókòó lé, kó lè máa wò ó.

Òjò wá bẹ̀rẹ̀. Ruqoyah, ìyàwó Tahir, ló kọ́kọ́ pè é lórí fóònù. "Bọ̀ọ̀dá, ilẹ̀kùn yín ń há." Ó lọ, ó fi fáìlì rẹ́ etí rẹ̀, ó ṣí. Kò pẹ́, ó tún há. Ó tún lọ rẹ́ ẹ. Tahir fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Irin yín ń sanra ni? Ilẹ̀kùn baba wa kò jẹun tó báyìí o."

Nígbà tí wọ́n tún pè é, ó ní ká jọ lọ. Ọ̀sán ni, ojú ọ̀run sì ti ṣú. Mo wo páìpù tó wà lórí ilẹ̀kùn. Ó ti tẹ̀ wá sísàlẹ̀ bí ẹ̀yìn ẹni tó ru igi. Irin kò sanra. Ilé ló ń sọ̀ kalẹ̀ lé e lórí. Ìlà kan ti igun ilẹ̀kùn gun ògiri lọ títí dé fèrèsé òkè. Mo ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó wọlé dé ọrùn ọwọ́. Erùpẹ̀ ń dà níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Rauf náà rí i. Fáìlì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbé e sókè mọ́.

"Ta ló wà lókè?" mo bi Tahir.

"Màámi nìkan."

Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ló wà nílé yẹn, ẹnu ilẹ̀kùn yìí ló sì já sí.

Rauf gé ilẹ̀kùn irin náà kúrò lára férémù kó má baà tì mọ́ ìyá lójú. Èmi pe ṣọ́ọ̀bù pé kí wọ́n kó igi wá kíákíá ká fi gbé ògiri ró. Mi ò bi wọ́n ní iye tó jẹ́. Lẹ́yìn náà la dúró sísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, a ń bẹ̀bẹ̀.

"Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ilé fẹ́ wó."

Ohùn rẹ̀ wá láti òkè, ó tutù. "Ta nìyẹn?"

"Rauf ni, mà. Wẹ́dà."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ ti kó ilẹ̀kùn, ẹ tún wá kó onílé. Ó ku páànù."

"Màámi," Tahir ní, "kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ẹ máa bọ̀."

"Ìwọ má dá sí i. Ilé tí baba ẹ kú fi mí sí ni mo wà. Opó mi kò tíì pé." A gbọ́ bó ṣe ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ pa.

Ruqoyah sáré lọ pe Ààfáà Sírájúdéènì ní mọ́sáláṣí ìtòsí. Ààfáà wo ògiri, ó fẹ̀yìn rìn padà sí títì, ibẹ̀ ló ti gbóhùn sókè.

"Àlàájà, bí ilé bá fẹ́ wó, ẹ̀sìn gbà kí opó jáde. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ ńbẹ̀."

"Mo gbọ́, Ààfáà. Ọlọ́hun á san yín lẹ́san. Ẹ̀sìn gbà, èmi ni kò tíì gbà. Ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ mi ni mo gbà wọlé yìí. Ẹ lọ gbé e wá, kí n gbà á jáde."

Rauf wò mí.

"Má wò mí," mo ní. "Ilẹ̀kùn kan, ẹ̀mí kan. Ìṣirò yẹn kò le."

Ó ti wọ mọ́tò kí n tó parí ọ̀rọ̀.

Itele kò jìnnà, àmọ́ kòtò àti tírélà kì í jẹ́ kéèyàn yára lójú ọ̀nà yẹn. A dúró. Àwọn igi dé. Èmi àti Tahir gbé wọn ti ògiri, ó ku ẹyọ kan. Nígbà tí a gbé ìyẹn sún mọ́ ọn, ògiri dún. Kò pariwo, bí ẹni ń họ ìdí ìkòkò ni. A rọra gbé igi náà sílẹ̀. Òjò ti ń kán. Àwọn adìẹ tó sá sábẹ́ ìloro jáde sínú òjò, wọn kò padà. Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju ìlà ara ògiri lọ.

Rauf dé. Òun àti awakọ̀ tó gbé e gbé ilẹ̀kùn náà dúró níwájú ilé, tòun ti férémù, tòun ti àtẹ́rígbà.

"Àlàájà, ó ti dé."

A gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Kò yára. Ó bọ́ sóde lábẹ́ páìpù tó tẹ̀ yẹn, ó bo orí, kò wo ẹnì kankan. Ó lọ tààrà síbi ilẹ̀kùn, ó fọwọ́ kan ibi tó dán, ó tì í, ó sì kọjá.

Páìpù ló kọ́kọ́ ká. Yàrá òkè wá rọra sọ̀ kalẹ̀ sínú ìloro tòun ti bẹ́ẹ̀dì àti àpótí rẹ̀, àwọn igi mi sì kán bí ìṣáná. Eruku dìde nínú òjò. Àlàájà kò wẹ̀yìn.

"Níbo ni n ó ti parí opó ọkọ mi báyìí?" ó ní.

Rauf ló dáhùn. Ó kó yàrá kan ní ilé rẹ̀ ní Itele fún un, ó sì kan ilẹ̀kùn náà mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn ni ìyá ti parí opó.

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni Rauf kò ti lè jókòó sí pálọ̀ mọ́. Àwọn ilẹ̀kùn yòókù fẹ̀yìn ti ògiri yípo, ó sì mọ ilé tó ti yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí n gbé páákó sínú mọ́tò ká máa lọ. Àwọn ilé kan, wọ́n ti wó wọn láti fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. A dúpẹ́, a kọjá. Àwọn kan, a bá wọn lóòró, a ti igi sí wọn lábẹ́, a ní kí àwọn onílé kó jáde. Àwọn kan fi wá rẹ́rìn-ín.

Ní Àtàn, ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan ló kù. Mo rí ilẹ̀kùn irin tí Rauf kùn ní búlúù láti òkèèrè. Obìnrin kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà ní abẹ́ páìpù rẹ̀, ó ń dirun fún ọmọ rẹ̀, àwọn yòókù ń jẹun lẹ́yìn rẹ̀ nínú ìloro. Bó ṣe rí Rauf, inú rẹ̀ dùn.

"Ẹ̀yin gan-an la ti ń wá láti ọjọ́ yìí," ó ní. "Ilẹ̀kùn yín ń há."