Ọ̀já Òsì Lára Asà Joos Hallebeke

Wọ́n ní òkú ìyá Joos Hallebeke ló jáde láti ibojì, tó fi èékánná fa ọ̀já ara asà inú àwòrán ọmọ rẹ̀ láti ọ̀tún bọ́ sí òsì, kó lè jẹ́wọ́ ohun tí kò jẹ́wọ́ nígbà ayé rẹ̀. Gbogbo ìlú Antwerp ló ń sọ ọ́. Èmi tí mò ń yí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Dimpna Kerstens, àbúrò ìyá mi.

Bí Àǹtí mi yìí bá sùn, ìhanrun rẹ̀ a máa mi àwo lórí pẹpẹ. Á jẹ ẹja sísá márùn-ún tán, á ní òun ń gbààwẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti di irin ìfín mú, tó dojú kọ awo bàbà, èmi gan-an á dá ẹ̀rọ dúró láti wò ó. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń fín àwòrán tí mò ń tẹ̀ sórí bébà, tó ń sọ èèyàn di ọlọ́lá. Joos, ọmọ ọlọ́ṣẹ tí kò rí ogun rí, òun ló fi ìhámọ́ra irin wọ̀ ọ́ nínú àwòrán. Òun ló gbé òpó òkúta sí ẹ̀yìn rẹ̀, tó ta aṣọ ìkélé, tó fín léèsì ọrùn rẹ̀ ní fọ́nrán-fọ́nrán. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Nísàlẹ̀ pátápátá, ó fín in kékeré: Dimpna Kerstens ló ṣe é.

Joos wá wo iṣẹ́ náà, òun àtàwọn àlejò rẹ̀.

"Ta ni Dimpna?"

"Èmi ni, ọlọ́lá."

"Orúkọ obìnrin, lára àwòrán ọlọ́lá? Ha á kúrò. Báyìí báyìí, lójú mi."

Àǹtí ha á. Àwọn àlejò ń rẹ́rìn-ín. Kò lọ́kọ, kò bímọ. Orúkọ yẹn nìkan ló máa fi sílẹ̀ láyé. Kò sunkún. Ó kàn ní, "Ó ku asà, ọlọ́lá."

Ìwé oyè Joos ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, tòun ti àmì ìdílé tuntun: asà tí ọ̀já kan dábùú láti ọ̀tún. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀já tó bá ti òsì wá, ọmọ àlè ló ni ín. Àwọn ọlọ́lá àtayébáyé ti mọ èyí kí eyín wọn tó hù.

Ọjọ́ kan péré ni Àǹtí fi fín asà náà. Mo wo awo, mo wo ìwé oyè, mo lanu.

"Àǹtí, ẹ ò tíì..."

"Neelken, jẹ búrẹ́dì ẹ."

Mo jẹ búrẹ́dì mi.

Joos yẹ àwòrán àkọ́kọ́ tí mo tẹ̀ jáde wò: imú rẹ̀, irun rẹ̀, imú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Asà tí kò tíì lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, kò mọ ibi tó kọjú sí. Mo tẹ igba ẹ̀dà. Níbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ló ti pín gbogbo rẹ̀. Àna rẹ̀, ọlọ́lá láti ìran karùn-ún, wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó bú sẹ́rìn-ín títí wáìnì fi gba imú rẹ̀ jáde.

Lọ́jọ́ kejì, Joos já wọlé wa.

"Ìwọ àjẹ́ yìí! O sọ mí dọmọ àlè!"

Àǹtí gbé awo bàbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé oyè. "Ẹ wò ó dáadáa, ọlọ́lá. Ibo ni wọ́n ti yàtọ̀?"

Ó wò ó. Wọn ò yàtọ̀.

"Màá pè ọ́ lẹ́jọ́!"

"Ta lẹ fẹ́ pè? Orúkọ ta ló wà níbẹ̀?"

Orúkọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ti Joos fúnra rẹ̀ ni, gàdàgbà lábẹ́ àwòrán. Ó ká ìwé oyè rẹ̀ mọ́ abíyá. Mo tẹrí ba fún un bí a ṣe ń ṣe fún ọlọ́lá, ọwọ́ òsì ni mo sì fi júwe ọ̀nà ìta fún un.

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún ní kí Àǹtí ha orúkọ rẹ̀ kúrò.

Ní ti òkú ìyá Joos: ohun tí a bá fín sórí bàbà, òdì rẹ̀ ló ń jáde lórí bébà, ọ̀tún á di òsì, Àǹtí ò sì yí asà náà padà kó tó fín in.