Ta Ló Dákú?

Ṣìì! ni áyọ́ọ̀nù eléèédú ké lórí ẹ̀wù funfun náà, ooru sì bo ojú Ìyá Àgbà débi pé mi ò rí wọn mọ́, ohùn wọn nìkan ni mò ń gbọ́. Wọ́n ní, "Fi omi sí i." Mo ki ọwọ́ bọ inú abọ́, mo wọ́n omi sí ọrùn ẹ̀wù. Òórùn sítáàṣì tí wọ́n fi gbágùúdá ṣe ti gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ta sánsán bí ẹ̀kọ tó fẹ́ jóná. Títí di òní, ibi yòówù kí n ti gbọ́ òórùn yẹn, Sátidé ló máa ń jẹ́ lójú mi.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí màmá mi, ló ń fọ ẹ̀wù àwọn akọrin àti aṣọ pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà àdúgbò wa ní Ifọ̀. Mi ò mọ ẹni tó yàn wọ́n síṣẹ́ náà. Mo bá wọn lẹ́nu rẹ̀ ni. Wọn kì í jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kàn án. Ìwọ̀nba omi wíwọ́n ni wọ́n fi sílẹ̀ fún mi, ìyẹn náà sì ní bó ṣe ń lọ, torí bí mo bá wọ́n ọn pọ̀ jù, wọ́n á ní ṣé mo fẹ́ kí àwọn akọrin wẹ̀ ni. Ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń gbé nígbà náà. Bàbá àti màmá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ sí ilé tí wọ́n kọ́ sí Lotto, ní Mowe, ilé náà kò tíì ní fèrèsé tán, kò sì sí ilé ẹ̀kọ́ gidi kan nítòsí.

Ohun tó wà láàárín Ìyá Àgbà àti màmá mi, omi ni. Inú ṣọ́ọ̀ṣì Ifọ̀ yẹn ni àlùfáà ti sàmì fún màmá mi lọ́mọ ọwọ́, tó da omi díẹ̀ sí wọn lórí, tó sì sọ wọ́n lórúkọ. Nígbà tí màmá mi dé Mowe, wọ́n dara pọ̀ mọ́ ìjọ àwọn àtúnbí, ìjọ náà sì ní omi orí kò tó, àfi kí gbogbo ara wọ odò. Bí màmá mi ṣe ṣe ìrìbọmi nìyẹn. Ìròyìn náà dé Ifọ̀ kí aṣọ wọn tó gbẹ.

Ìyá Àgbà kò pariwo. Wọ́n kàn pè mí, wọ́n ní, "Bá mi bi màmá rẹ, ṣé omi tí mo fi gbé e lọ síwájú Ọlọ́run dọ̀tí ni?" Láti ọjọ́ náà, wọn kò bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀ tààrà mọ́. Èmi ni wọ́n ń gba ẹnu mi sọ ọ́, ì báà jẹ́ inú yàrá kan náà ni a jọ wà. "Sọ fún màmá rẹ pé ọbẹ̀ wà níná." "Sọ fún ìyá àgbà rẹ pé mo ti yó." Èmi á dúró láàárín wọn, màá máa tún ohun tí etí gbogbo wa ti gbọ́ sọ.

Bí mo bá lọ lo họlidé ní Lotto, mo máa ń gbọ́ tí màmá mi ń sunkún nínú àdúrà àárọ̀ pé kí Ọlọ́run gba ìyá òun là kó tó pẹ́ jù. Bí mo bá padà sí Ifọ̀, Ìyá Àgbà á kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, wọ́n á ní kí Ọlọ́run má ka ìwà ọmọ òun sí i lọ́rùn. Ọlọ́run kan náà ni àwọn méjèèjì ń bẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí pé kò ní mọ èyí tí òun á dá lóhùn. Ohun kan ṣoṣo ni èmi fẹ́ ní tèmi. Mo fẹ́ kí Ìyá Àgbà wọ ilé wa, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n pe màmá mi ní ọmọ wọn.

Sátidé tí mò ń sọ yìí, ẹ̀wù náà ṣì wà lórí tábìlì nígbà tí màmá mi yọ lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n kúnlẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màámi."

Ìyá Àgbà ní, "Hún-ùn." Wọn kò gbójú sókè.

Màmá mi kò wò mí. Wọ́n dojú ọ̀rọ̀ kọ ìyá wọn gan-an, ohùn wọn sì ń gbọ̀n díẹ̀. "Màámi, a ní prógíráàmù kan lọ́la ní Mowe. Ìsọjí ni. Ó máa páwáfúlù gan-an ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá."

Ìyá Àgbà gbé áyọ́ọ̀nù nàró. Èmi ni wọ́n wò. "Bi í pé, ta ló dákú?"

Mo yíjú sí màmá mi. "Wọ́n ní, ta ló dákú?"

"Màámi!"

"Ìsọjí ló pè é, àbí etí mi ni? Ẹni tó bá dákú ló ń sọjí. Sọ fún un pé èmi ò dákú. Àlùfáà wa náà ò dákú, mo rí i láàárọ̀ yìí tó ń ra ẹ̀wà."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ṣùgbọ́n mo rí ojú màmá mi, mo sì gbé ẹ̀rín náà mì. Wọ́n dìde, wọ́n gbọn eruku orúnkún wọn. "Ilé wa ti ní fèrèsé, Màámi. Ẹ ò tíì mu omi níbẹ̀ rí."

"Sọ fún un," ni Ìyá Àgbà wí, wọ́n sì ti tún ń lọ aṣọ, "pé omi ẹ̀ẹ̀kan ti tó èmi."

Màmá mi lọ. Ìyá Àgbà tẹ áyọ́ọ̀nù mọ́ ojú kan náà títí tí mo fi ké pé aṣọ ń jóná. Ẹ̀wù náà kò jó, ó kàn pọ́n díẹ̀ lápá. N kò rí i kí ó ṣẹlẹ̀ sí wọn rí.

Lọ́jọ́ kejì, a dé láti ìsìn àárọ̀, Ìyá Àgbà kò bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n jókòó pẹ̀lú gèlè lórí, wọ́n ń wo ìta. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán wọ́n rán mi sí bàbá oníPijó tó ń gbé ilé kejì, Mùsùlùmí àgbàlagbà tó ń fi mọ́tò rẹ̀ kérò. Wọ́n ní kó gbé wa dé Mowe.

Mo béèrè pé, "Ṣé ibi ìsọjí náà ni?"

"A fẹ́ lọ wo ẹni tó dákú."

A gba ọ̀nà Ọ̀fàdà, òórùn ìrẹsì tí àwọn èèyàn ń bọ̀ sì ń wọlé láti ojú wíńdò. Bàbá oníPijó fẹ́ràn àwàdà. Ó ní, "Ìyá, Jésù yín tó wà ní Ifọ̀, ṣé òun kọ́ ló wà ní Mowe ni?" Ìyá Àgbà ní kó tẹjú mọ́ títì.

Pápá ìjọ màmá mi kò jìnnà sí òpópónà márosẹ̀. Àwọn ọkọ̀ àjàgbé ń bú lápá kan, jẹnẹrétọ̀ ń bú lápá kejì, ohùn Pásítọ̀ sì ga ju méjèèjì lọ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Lábẹ́ àtíbàbà, màmá mi wà láàárín àwọn tó ń júwe ìjókòó. Wọ́n rí wa, wọ́n fọwọ́ bo ẹnu, wọ́n sì mú wa lọ síwájú. Nígbà tí gbogbo èèyàn dìde tí oníkálukú ń gbàdúrà tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí àwọn kan ń pàtẹ́wọ́, tí àwọn kan ń sunkún, mo yọjú wo Ìyá Àgbà. Mo rò pé wọ́n á ti fajú ro. Ojú wọn wà ní dídì, ètè wọn ń mì, ẹsẹ̀ wọn sì ń lu ilẹ̀ bí ẹni tó ti mọ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu gan-an, torí inú ìwé la ti máa ń ka àdúrà ní tiwa.

Pásítọ̀ wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó bá fẹ́ gba Jésù lónìí, kó jáde wá síwájú."

Ìyá Àgbà dìde.

Mo gbọ́ tí màmá mi ké "Halelúyà!" lẹ́yìn wa, tí wọ́n sì bú sẹ́kún. Àdúrà wọn ti gbà. Ìyá wọn fẹ́ di àtúnbí. Ìyá Àgbà bọ́ bàtà, wọ́n rìn dé iwájú láàárín àwọn tó jáde, wọ́n kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ pupa náà. Pásítọ̀ ní kí gbogbo wọn gbọ́wọ́ sókè, wọ́n sì gbé e. Ìyá Àgbà nìkan ni kò gbé e. Wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì síwájú àyà, ọ̀tún lórí òsì, bí a ṣe máa ń tẹ́ ẹ ní Ifọ̀ bí àlùfáà bá ń pín búrẹ́dì Kómúníọ̀n. Wọ́n ń dúró.

Ọkùnrin tó kúnlẹ̀ tì wọ́n yọjú wò wọ́n, ó sọ ọwọ́ tirẹ̀ kalẹ̀, ó tẹ́ ẹ. Obìnrin kan náà tẹ́ ẹ. Kò pẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọwọ́ kankan lókè mọ́. Pásítọ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú wọn pẹ̀lú máìkì. "Ìyá, kí lẹ fẹ́ gbà?"

"Ẹ ní ẹni tó bá fẹ́ gba Jésù kó jáde wá," ni ohùn Ìyá Àgbà dún lórí gbogbo pápá. "Mo ti jáde. Ẹ gbé e wá."

Ẹ̀rín sọ níbi gbogbo. Pásítọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọmọlúàbí ni. "Ìyá, ṣé ẹ ò tíì gbà á rí ni?"

"Mo ti ń gbà á kí wọ́n tó bí yín, Pásítọ̀. Ṣé èèyàn ò lè gbà á lẹ́ẹ̀kan sí i ni?"

Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu wọn tán, wọ́n sì yíjú wo máìkì náà. Mo ti tẹ̀lé wọn dé iwájú, mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo rí i bó ṣe padà wá bá wọn. Lẹ́ẹ̀kan sí i. Ohun tí wọ́n fi ń bá ọmọ wọn jà láti ọjọ́ yìí wá, ẹnu àwọn fúnra wọn ló dá a láre, nínú gbohùngbohùn, létí gbogbo Mowe. Màmá mi ti gbọ́. Wọ́n kúrò láàárín àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n wá kúnlẹ̀ tì wọ́n, wọ́n sì tẹ́wọ́, omijé ń kán sínú ọwọ́ náà.

Ìyá Àgbà wò ó. Wọ́n ní, "Ọ̀tún ló ń wà lókè. Ṣé o ti gbàgbé ni?" Wọ́n fi ọwọ́ tó le fún sítáàṣì tún ọwọ́ ọmọ wọn tò.

Wọn kò gba ẹnu mi sọ ọ́. Mo dúró síbẹ̀ láìníṣẹ́, inú mi sì dùn débi pé mi ò mọ ohun tí mo lè fi ara mi ṣe. N kò mọ ohun tí Pásítọ̀ sọ lẹ́yìn ìyẹn. Mo rántí pé kò ní búrẹ́dì kankan lọ́wọ́, ó kàn gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé àtẹ́lẹwọ́ àwọn méjèèjì, ó sì gbàdúrà jẹ́ẹ́jẹ́.

Ní ilé wa ní Lotto, Ìyá Àgbà mu omi. Wọ́n mu ife kan, wọ́n ní kí màmá mi tún bù ú wá. Ìgbà náà ni wọ́n tó sọ ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́ rí. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge, ẹgbẹ́ àdúrà kan bẹ̀rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wa. Wọn kì í ka àdúrà láti inú ìwé, ohun tó bá wà nínú wọn ni wọ́n ń sọ. Wọ́n ń gbààwẹ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń gbàdúrà fún aláìsàn. Bàbá wọn, tó jẹ́ bàbá ìjọ, pè wọ́n ní aláriwo, ó sì gba ẹ̀wù akọrin lọ́rùn ọmọ rẹ̀ níwájú gbogbo ìjọ.

"Mo kúnlẹ̀ fún bàbá mi," ni Ìyá Àgbà wí. "Mo ní, Bàbá, ìsọjí ni. Bàbá mi ní, ta ló dákú?"

Màmá mi ló kọ́kọ́ béèrè pé, "Ẹ ò wá kúrò níbẹ̀?"

"Àwọn kan kúrò, wọ́n lọ dá ìjọ tiwọn sílẹ̀. Ìjọ yẹn náà ti dàgbà báyìí, àwọn náà ti ń lé aláriwo jáde." Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Àwa tó kù ń gbàdúrà lẹ́yìn ọgbà, òjò ń pa wá, títí àlùfáà mìíràn fi dé tó ṣílẹ̀kùn fún wa. Ẹ̀wù mi ni wọn ò dá padà. Ọmọ ti wà lẹ́yìn mi nígbà náà. Mo ní kò burú, ẹ jẹ́ kí n máa bá yín fọ̀ ọ́."

Nígbà tí bàbá oníPijó wá gbé wa, ó ní, "Ìyá, ẹ rí ẹni tó dákú náà?"

Ìyá Àgbà ní, "Mo rí i. Èmi ni."

Wọ́n ti sùn nínú Olúwa báyìí. Ṣọ́ọ̀ṣì Ifọ̀ ni a ti sin wọ́n, màmá mi gbàdúrà àtinúwá níbẹ̀, gbogbo àwọn àgbà ìjọ sì ṣe àmín tó rinlẹ̀. Màmá mi kò padà sí Áńgílíkà, Ìyá Àgbà kò sì kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti mu omi yẹn, mi ò bá wọn gbé ọ̀rọ̀ mọ́. Magboro ni mò ń gbé báyìí, èmi náà ní ṣọ́ọ̀ṣì tèmi, mo ní ìjókòó tí gbogbo èèyàn mọ̀ mọ́ mi. Bí mo bá ń gbàdúrà, mi ò lè gbọ́wọ́ sókè. Mo máa ń tẹ́ ẹ ni, ọ̀tún lórí òsì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi obìnrin dé láti yunifásítì. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń gbàdúrà ní pápá kan, kò sí bẹ́ǹṣì, kò sí aṣọ àlùfáà, wọ́n á sì máa kọrin títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. Ó ní, "Mọ́mì, a ní rìfáífà, ìsọjí ni, ní Sátidé. Ó máa gbóná gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wá?" Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀.

Ìbéèrè bàbá Ìyá Àgbà ti dé ètè mi. Mo mọ adùn rẹ̀, mo sì mọ bó ṣe ń dunni. Mo wo ọmọ náà lórí ìkúnlẹ̀, mo sì rí obìnrin méjì tó ti kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Mo ní, "Dìde, ọmọ mi. Aṣọ wo ni kí n lọ̀?"