Ọjọ́ tí Ìyá Òyìnbó Kúnlẹ̀ fún Bàbá Mi

Yéè! Ìyá Òyìnbó ni mo rí lórí ìkúnlẹ̀, nínú eruku àgbàlá wa ní Sẹ̀kọ̀nà nítòsí Ẹdẹ, tàwọn ti ewú orí wọn, níwájú bàbá mi. Igbá bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, mi ò rí irú ẹ̀ rí. Àgbà ń kúnlẹ̀ fún ẹni tó lè bí lọ́mọ!

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni wọ́n. Wọ́n ti ìlú wọn wá sí Ẹdẹ kí wọ́n tó bí mi, wọn ò sì padà mọ́. Òórùn Dẹ́tọ́ọ̀lù máa ń ṣáájú wọn wọlé. Tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, ọmọ Ẹdẹ pọ́nbélé lo máa pè wọ́n.

Màmá mi ti ń rọbí látàná, igbe wọn nínú yàrá ti ń rẹlẹ̀. Ìyá Òyìnbó yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n ní ọmọ ti dábùú, ó di ọsibítù, ó di iṣẹ́ abẹ. Bàbá mi, alàgbà ìjọ, fárígá.

"Rárá, mà. Bí obìnrin Hébérù ni ìyàwó mi máa bí. Abẹ ò ní kàn án."

"Àmín!" ni àwọn ará ìjọ tó ń gbàdúrà lágbàlá ké.

Ìgbà yẹn ni ìyá arúgbó yìí fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀. "Alàgbà, mo bẹ̀ yín. Ẹ̀mí méjì ni."

Bàbá mi fò sẹ́yìn. "Ẹ dìde, mà! Ẹ má fi mí gégùn-ún!"

"Mi ò dìde, àfi tí ẹ bá gbé e sínú mọ́tò mi."

Ìyá Òyìnbó ti bá wa gbé pẹ́ tó láti mọ̀ pé kò sí ẹni tí àgbà máa kúnlẹ̀ fún tí ara ẹ̀ á balẹ̀. Bàbá mi yà lọ́nà fún àwọn tó gbé màmá mi jáde.

Abẹ ni wọ́n fi gbé àbúrò mi. Tìyá tọmọ yè.

Lọ́jọ́ ìdúpẹ́, bàbá mi dìde, wọ́n jẹ́rìí fún gbogbo ìjọ: "Ìyàwó mi bí wẹ́rẹ́, abẹ ò kàn án!" Mo bojú wẹ̀yìn. Ìyá Òyìnbó wà lórí bẹ́ǹṣì ìkẹyìn, àwọn náà ń ṣe "Àmín." Bí a ṣe jáde, wọ́n fa etí mi díẹ̀: "Fi í lẹ̀. Ìyá ẹ ṣáà wà láyé." Mo fi í lẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tó yá, Ìyá Òyìnbó kú, a sin wọ́n sí Ẹdẹ, kò sẹ́ni tó tún dárúkọ ọ̀rọ̀ náà nílé wa.

Lóṣù tó kọjá, àbúrò mi yẹn pè mí láti ọsibítù. Dókítà ní kí wọ́n ṣe abẹ fún ìyàwó ẹ̀, òun ò gbà. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí bí obìnrin Hébérù ni màmá wa ṣe bí mi?"

Mo pariwo mọ́ ọn: "Irọ́ ni! Abẹ ni wọ́n fi gbé ẹ! Lọ fọwọ́ síwèé kíá!" Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un, mò ń sunkún. Ó fọwọ́ sí i.

Nígbà tó padà pè, ó ní ìyá àti ọmọ wà láàyè. Obìnrin ni wọ́n bí, orúkọ Ìyá Òyìnbó yẹn ni àwọn fẹ́ sọ ọ́. Kí ni wọ́n ń jẹ́?

Ìyá Òyìnbó la pè wọ́n títí a fi sin wọ́n. Kò sẹ́ni tó béèrè orúkọ wọn nínú wa.