Géèmù Tó Ń Bá Mi Fò

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé tó kọjá ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, n kò sì tíì mọ bí mo ṣe máa parí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé.

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Aramoko, a ní ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ kan. Ọkùnrin kékeré kan ló ń sáré nínú rẹ̀, tó ń fo kòtò. Bí o bá tẹ bọ́tìnì páàdì tó wà lọ́wọ́ rẹ, á fò lójú ẹsẹ̀. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́, á fò díẹ̀. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á fò jìnnà. Tó bá ṣubú, àtàǹpàkò rẹ ló jẹ̀bi. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn: kò tàn mí jẹ rí.

Lọ́jọ́ kan mo kígbe pé, "Mo ti kú!" Ìyá bàbá mi sáré wọlé láti ibi tó ti ń sá kòkó, ó káwọ́ lérí. Nígbà tó rí i pé géèmù ni, ó ní, "Ẹ̀dá kì í fẹnu ara rẹ̀ pe ikú nínú ulé mi! Ẹ wá ọ̀rọ̀ mìíràn." Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá jìn sí kòtò á ní, "Mo ti lọ sí Erio," ìlú tó wà nítòsí wa. Mo lọ sí Erio títí àtàǹpàkò mi fi yi.

Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, àbúrò mi obìnrin gbé fóònù fún mi. Mo fẹ́ lọ síbi iṣẹ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ní Ìjerò lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó ní géèmù inú fóònù náà la ó jọ máa gbá kí àárò mi má baà sọ òun.

Mo tẹ ojú fóònù, ó ń yọ̀ lábẹ́ ọwọ́ bí ọbẹ̀ ilá. Ọkùnrin inú rẹ̀ kọ́kọ́ ronú kó tó fò. Nígbà tó dé kòtò kejì, mo gbàgbé, n kò tẹ nǹkan kan. Ó dá fò fúnra rẹ̀! Géèmù tún ní mo káre. Ó rí mi lára, bí ìgbà tí ẹlòmíì rún oúnjẹ lẹ́nu, tó wá fi bọ́ mi.

"Bọ̀dá mi, ẹ borí, ẹ tún wá fajú ro bí ẹni mu ewúro!"

"Ta ló borí? Pàǹtírí ni nǹkan yìí. Ọ̀lẹ nìkan ló ń gbá a!"

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó gba fóònù, ó jáde. Kì í ṣe òun ni mo ń bá wí. Ẹ̀rù pé mo fẹ́ fi í sílẹ̀ wà nínú ìbínú mi, ṣùgbọ́n n kò rí i sọ.

Láyé ìgbà tiwa, orí ẹní kan náà la ti ń gbá géèmù, èjìká kan èjìká. Ní báyìí, kálukú wà níbi tirẹ̀, fóònù ló ń bá wa pàdé.

Mo ti dé Ìjerò. Àbúrò mi ti ránṣẹ́ pè mí sínú géèmù náà lẹ́ẹ̀mejì, n kò dáhùn. Nǹkan ọ̀hún ṣì ń kó mi nírìíra. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n máa gbá a, kí n máa díbọ́n pé mo ń gbádùn rẹ̀ ni, àbí kí n sọ òtítọ́ fún un, kí ó má sì pè mí mọ́?