Ọkùnrin Tó Wà ní Ìpẹ̀kun Méjèèjì Fótó

Orpha Tindall kò bẹ̀rù iná, kò bẹ̀rù ejò, kò sì bẹ̀rù àwọn ọkùnrin tí ń gbẹ́ kànga epo ní Cutler. Ohun tó ń bẹ̀rù ni fótó kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ yà.

Opó ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ọdún tí epo kọ́kọ́ tú jáde ní apá Oklahoma yẹn ló dé sí ìlú náà, kámẹ́rà ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló gbé dání. Kámẹ́rà ọ̀hún ń yí lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Bí Orpha bá ti yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń wáìnì aago, á máa yí díẹ̀díẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún, á sì gba gbogbo ohun tó bá kọjú sí sórí fótó kan ṣoṣo, tó gùn ju apá àgbàlagbà lọ. Irú rẹ̀ ni àwọn ilé iṣẹ́ epo ń fẹ́: kànga, òṣìṣẹ́, ìbaaka, ọkọ̀ akẹ́rù, gbogbo wọn lórí ìlà kan, kí àwọn olówó ìlú ńlá tó fẹ́ ra ìpín lè rí i pé iṣẹ́ ń lọ.

Kò sí ẹni tó ti dúró níwájú irú kámẹ́rà yẹn rí tí kò mọ eré tí wọ́n ń fi í ṣe. Ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun òsì, bí ojú kámẹ́rà bá ti kúrò lára rẹ̀, á sáré gba ẹ̀yìn àwọn yòókù, á dé ìpẹ̀kun ọ̀tún kí kámẹ́rà tó débẹ̀. Ẹnì kan á di méjì. Orpha kì í dá wọn lẹ́kun. Fótó tí àwàdà bá wà nínú rẹ̀, kálukú ló ń ra tirẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Orpha ya fótó tó ń bẹ̀rù yẹn, Clell Grubb, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ kànga, ló sáré. Ní ìpẹ̀kun òsì, ó di sípánà mú, ó lejú koko bíi díákónì. Ní ìpẹ̀kun ọ̀tún, àkẹtẹ̀ rẹ̀ ti wọ́, ó ń mí hẹlẹ, ó ń rẹ́rìn-ín. Orpha fi tàdáwà kọ orúkọ kànga àti ọjọ́ sí ìsàlẹ̀ fíìmù gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan náà ni kànga gbiná. Clell kò jáde.

Ilé iṣẹ́ ní àwọn ti dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, pé kò dé ìdí kànga lọ́jọ́ náà rárá, àfi bó bá yọ́ wọlé kí iná tó ṣẹ́. Àwọn tí wọ́n jọ jẹun àárọ̀ ní àwọn kò rántí. Wọ́n rántí dáadáa. Wọ́n kàn fẹ́ràn iṣẹ́ wọn ju òkú lọ ni.

Zelma, ìyàwó Clell, gbé ọmọ sí ìbàdí wá bá Orpha ní ṣọ́ọ̀bù.

“Àǹtí Orpha, fótó yẹn wà lọ́wọ́ yín?”

“Ó wà.”

“Clell sì wà nínú ẹ̀.”

“Ó wà nínú ẹ̀, ọmọ mi.”

“Ó parí nìyẹn. Bí adájọ́ bá ti rí i, wọn ò ní lé wa kúrò nílé.” Ilé ilé iṣẹ́ ni wọ́n ń gbé, Zelma sì ti pe ilé iṣẹ́ lẹ́jọ́. Bí Clell kì í bá ṣe òṣìṣẹ́, wọn ò ní ẹ̀tọ́ sí ilé náà, wọn ò sì ní ẹ̀tọ́ sí owó gbà-má-bínú.

Hobart Yancey, onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kángun sí ti Orpha, ló ba nǹkan jẹ́. Ó rí fótó náà níbi tí wọ́n sá a sí, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ fẹ́ gbé iwin lọ sílé ẹjọ́? Lọ́yà á bi yín pé, èwo ni Grubb nínú àwọn méjèèjì? Á ní kámẹ́rà tó sọ ẹnì kan di méjì, kí ni kò ní jẹ́ kó sọ òfo di ẹnì kan?”

“Hobart, lọ gbájú mọ́ irùngbọ̀n tó ò ń fá.”

“Mo kàn ń wí ni o.”

Ó kàn ń wí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò létí Orpha. Bó bá bu búrẹ́dì àgbàdo sẹ́nu, ọ̀rọ̀ náà ló ń jẹ. Ó rí lọ́yà lójú ọkàn, ó rí Zelma tó ń di ẹrù. Nígbà tí ẹjọ́ ku ọ̀la, ó tẹ fótó tuntun, ó mú àlùmọ́gàjí, ó gé ìpẹ̀kun ọ̀tún kúrò. Ó rò pé ilé ẹjọ́ á gba ẹni tó lejú gbọ́ ju ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lọ. Ó ju èyí tó gé sínú ààrò.

Gbọ̀ngán ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́. Orpha búra lórí Bíbélì. Lathrop, lọ́yà ilé iṣẹ́, yẹ fótó náà wò pẹ́.

“Ìyáàfin Tindall, ṣé bó ṣe rí nìyí lọ́jọ́ tí ẹ yà á?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

Lathrop fa odindi fótó yọ nínú àpò awọ gígùn kan. Láti ara ògiri ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti já a wá. Orpha ló tà á fún wọn. Ó ti sọ fún ara rẹ̀ pé wọn ò jẹ́ gbé e wá, torí ojú Clell wà nínú rẹ̀. Ìbẹ̀rù ló bá a ro ìyẹn, kì í ṣe ọgbọ́n.

“Kí ló dé tí tiyín fi kúrú?”

Ó ṣàlàyé: bí kámẹ́rà ṣe ń yí, bí Clell ṣe sáré. Fọ́máànù Ketcham, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ kànga, tó rẹ́rìn-ín jù lọ́jọ́ eré náà, ń wo bàtà rẹ̀.

Adájọ́, bàbá arúgbó tó tín-ín-rín, gbọ́wọ́ sókè.

“Mo mọ eré yẹn, Ìyáàfin. Èmi náà sá a nílé ẹ̀kọ́, fótó ọ̀hún ṣì wà lára ògiri yàrá ìyàwó mi. Ká ní odindi lẹ gbé wá ni, ǹ bá má béèrè ohunkóhun. Ṣùgbọ́n ta ló kọ ọjọ́ sí ìsàlẹ̀ yìí?”

“Èmi ni, Ọlọ́lá.”

“Ọwọ́ tó gé e náà ni. Ẹ ti purọ́ fún mi lórí Bíbélì. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gba ọjọ́ yẹn gbọ́?”

Ohun tó parí ẹjọ́ nìyẹn; ilé iṣẹ́ ló jàre. Lathrop kò sọ ọ̀rọ̀ Hobart rárá. Kò nílò rẹ̀.

Níta, Zelma dúró lẹ́bàá àtẹ̀gùn. Kò sunkún.

“Èwo lẹ gé, Àǹtí?”

“Èyí tó ń rẹ́rìn-ín.”

“Ìyẹn gan-an ni Clell. Mi ò mọ ìkejì.”

“Màá tẹ òmíràn fún ọ.”

“Wọ́n ní ká jáde kó tó di ọjọ́ Sátidé.”

Òjò ló ń rọ̀ lọ́sẹ̀ náà, fótó kò tètè gbẹ. Àárọ̀ Sátidé ni Orpha gbé e lọ sílé Zelma. Obìnrin kan tí kò mọ̀ rí ló bá lẹ́nu ọ̀nà, tó ká apá aṣọ sókè, tó ń gbálẹ̀.

“Ẹ̀yin lẹ máa ń ya fótó, àbí? Ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbí. Ó ní ẹ máa ya wọ́n lọ́jọ́ Ajé.” Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. “Ó ti ń fọ́nnu pé òun lòun máa sáré.”

Orpha gbá fótó náà mọ́ àyà.

“Sọ fún un pé kó dúró sójú kan,” ló wí.