Ilé Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kọ́ Sínú Géèmù

Mo rántí ìgbà tí ìyá mi máa ń ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí kò ní tíì tú gèlè, tí á jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n wa ní Ọ̀mù-Àrán, tí á ní kí n fi ọmọ òun han òun. Ẹ̀gbọ́n mi ti kú nígbà náà. Ìlú òtútù tó ti lọ ṣiṣẹ́ ni àìsàn ti mú un lọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì sin ín sí, torí a ò rí ọ̀nà gbé e wálé. Ṣùgbọ́n ó ní ilé nínú géèmù.

Géèmù ìlú kíkọ́ ni. Kó tó rìnrìn àjò la ti jọ ń ta á, nígbà tó sì dé ọ̀hún, inú rẹ̀ la ti ń pàdé lẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀. Ó kọ́ ilé bàbá wa síbẹ̀ bó ṣe rí gan-an, pẹ̀lú páànù tó ti dógùn-ún, ó gbin igi káṣú sẹ́yìn rẹ̀, ó gbé àga kan sẹ́nu ọ̀nà. Bí onílé ò bá sí lórí géèmù, àwòrán rẹ̀ á jókòó sórí àga rẹ̀. Nítorí náà, lẹ́yìn tó kú, ó ṣì jókòó síbẹ̀, ó dé fìlà abetí-ajá.

Ìyá mi á ní, "O kú ìjókòó o, ọmọ mi. Ṣé o ti jẹun?" Lẹ́yìn ìyẹn á dìde, á lọ gbé iṣu kaná.

Kọ́ńpìnì tó ni géèmù náà ti ṣèlérí pé ìlú yẹn ò ní parẹ́ láé. Nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn ń ṣe tuntun, àwọn yóò ti èyí àtijọ́ pa, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ni àwọn máa kó lọ sínú tuntun.

Ìyá mi bi mí pé, "Ṣé òun náà á bá wọn lọ?"

"Dájúdájú ni, Màmá. Kọ́ńpìnì ńlá ni wọ́n."

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá ní òun á dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Mo wo ti ọrùn wọn, aṣọ olówó gọbọi ni, mo bá gba ìpolówó wọn gbọ́ ju ìwàásù pásítọ̀ wa lọ. Ọ̀gá òmùgọ̀ ni mí!

Tuntun dé. Mo rà á. Koríko lásán ló wà níbi tó yẹ kí ilé wa wà, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ń bọ̀ láìpẹ́. Mo kọ̀wé sí wọn, ẹ̀rọ ló dá mi lóhùn, ó dúpẹ́ fún sùúrù mi. Wọ́n ti ìlú àtijọ́ pa. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n wá kéde pé kíkó ilé ò ní ṣeé ṣe mọ́, wọ́n sì fún gbogbo wa ní fìlà kan nínú géèmù tuntun láti fi tù wá nínú. Fìlà! Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé.

Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi, ó ní, "Wọ́n tún sin ín lẹ́ẹ̀kejì, wọn ò sì pè mí."

Láyé àtijọ́, bí ọmọ ilé wa bá kú sídàálẹ̀, irun rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ ni wọ́n máa ń mú wálé wá sin. Kò sẹ́ni tó mú ti ẹ̀gbọ́n mi wá. Ìyá mi bi mí pé kí ló kù nílé tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń dì mú. Mo gbé páàdì tó fi máa ń ta géèmù kó tó rìnrìn àjò fún un, èyí tí àtàǹpàkò rẹ̀ ti ń ra títí tó fi ń dán. Ó fi aṣọ funfun wé e, a sì sin ín sídìí igi káṣú ẹ̀yìnkùlé wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè bàbá wa.

Láìpẹ́ yìí, wọ́n tún ti ń polówó ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Wọ́n ní ìlú ti ọ̀tẹ̀ yìí ò ní parẹ́ láé. Mo pa fóònù mi.

Bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé báyìí, ìyá mi kì í wo ọ̀nà tẹlifíṣọ̀n mọ́. Á gbé àga lọ sídìí igi káṣú lẹ́yìn ilé tòun ti gèlè lórí. Òun ló wá ń jókòó de ọmọ rẹ̀.